Má Tíì Ṣe É

Létí odò tí ọwọ́ èèyàn gbẹ́ ní Fríslándì,
níbi tí omi òkè ti ga ju omi ìsàlẹ̀ lọ,
Tjitske tẹ́ bébà sórí tábìlì Gerlof,
ó sún ife kọfí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Òbírí ni gbogbo rẹ̀, òbírí àti ọfà.
"Òbírí ni ipò tí nǹkan wà. Ọfà ni ohun tó ṣẹlẹ̀."
Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni Gerlof ti ń ṣí ilẹ̀kùn omi,
kò rí ọfà kankan níbẹ̀ rí.

"Kí ni kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ láé?"
Kò bi í léèrè ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀.
Ó ní: kí ilẹ̀kùn méjèèjì má ṣí pọ̀.
Ó ní: kí afárá má sọ̀ kalẹ̀ lórí òpó ọkọ̀.
Ó dákẹ́. Ó fi ìka nu etí ife.
Ó ní: kí ẹnikẹ́ni má há sínú yàrá omi.

Tjitske pa ọfà mẹ́rin rẹ́.
Ó ní ọwọ́ wa ká àwọn kan: ṣí, tì, tan iná pupa.
Àwọn kan ò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni.
Ọkọ̀ á dé nígbà tó bá wù ú,
wáyà á já lóru.
Ìwọ̀nyẹn ò ṣe é dí. Ìṣísẹ̀ méjì, mẹ́ta sẹ́yìn
la ti ń yà fún wọn,
níbi tí ọwọ́ ṣì tó nǹkan.

"Ẹ̀rọ á wá máa pàṣẹ fún mi?"
"Rárá o. Kò mọ 'ṣe é.' 'Má tíì ṣe é' nìkan ló mọ̀.
Ohun tí kò léwu, kò ní dí yín lọ́wọ́ ẹ̀."
Gerlof rẹ́rìn-ín: ìyá mi nìyẹn,
ojú lásán ló fi ń lé mi nídìí sítóòfù.

Lóṣù kọkànlá, kùrukùru bo odò dé ẹnu ọ̀nà.
Ọkọ̀ ọ̀dùnkún kan fọn fèrè nísàlẹ̀.
Ọwọ́ Gerlof, tí kì í dúró de ojú mọ́, tẹ bọ́tìnnì.
Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ò mira.
Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó bú ẹ̀rọ lédè baba rẹ̀.
Ìgbà tó tan tọ́ọ̀ṣì ló rí i:
ilẹ̀kùn òkè ò tíì pa dé, ó ku ìbú ọwọ́ kan,
omi ń gba ibẹ̀ wọlé jẹ́jẹ́, bí olè.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Ìgbà tí Tjitske padà wá, bébà yẹn ló nawọ́ sí:
"Èyí, kí ló dé tó fi ní ìlà méjì?"
"Ilé nìyẹn. Omi dákẹ́, ilẹ̀kùn wà ní títì, kò sẹ́ni nínú yàrá.
Ibikíbi tí ẹ bá wà, ọ̀nà kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù débẹ̀."

Ó mú pẹ́ńsù.
Ó ya ife kọfí kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òbírí náà,
tòun ti èéfín rẹ̀.