Ewé Òkè Ẹlòmíràn

Olúgbuyì fi ewé ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Gíríìsì,
ó dì í sínú ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo,
èkejì rẹ̀ ò bá a wálé.
"Àwọn darandaran orí òkè níbí ní ń mu ún
bí òtútù bá mú wọn láyà, bí inú bá ń run wọ́n."

Màmá gbé e símú. Ó dákẹ́.
"Òórùn àjà ilé bàbá mi n'Ìkíjà rèé,
lọ́jọ́ tí àkọ́rọ̀ òjò bá kan páànù.
Òkè ló bí èyí. Òkè ló bí àwa náà."

Èmi ni mo di ìkòkò mú.
Mo ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi Nọ́ọ̀sì Ṣówùnmí n'Ídìí-Àbà,
nítorí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ń lò láàárọ̀.
Ó yínmú:
"Efínrín tí mo fi wò yín, ta ni mo bi?"
Mi ò fèsì.
Mo rántí Fadérera, oyún oṣù mẹ́ta,
àgbo inú ìgò tí kò lórúkọ.
Òun náà rántí. Ó pa iná.

Nọ́ọ̀sì yẹ ewé náà wò títí,
ó ní òun ò mọ̀ ọ́n.
Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.
Ó lọ bi dókítà, ó padà:
ife kékeré kan, kó jìnnà sí oògùn,
bí òyì bá kọ́ yín, ẹ fi sílẹ̀.

Lálẹ́, lórí àpáta ẹ̀yìnkùlé tí oòrùn ṣì wà lára rẹ̀,
a mu ún. Ó korò díẹ̀.
Màmá da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ife rẹ̀ sídìí efínrín,
ó ní, "Ẹ kí ara yín."