Ẹni Tó Ń Padà Wá

Òórùn ló jí wa lọ́jọ́ Ajé.
Kí ládàánì Òkè-Baálẹ̀ tó la ohùn,
ó ti wọ pálọ̀, ó ti jókòó sórí àga
bí àna tí ẹnikẹ́ni ò lè lé.
Mo kọ́kọ́ bú ológbò.
Mo bú ayálégbé ẹ̀yìn.
Ìgbà tí omi dúdú yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga
ni mo panu mọ́.

Èyí tó kọ́kọ́ wá, bàtà rẹ̀ ń dán,
fóònù méjì lọ́wọ́. Kò bẹ̀rẹ̀ rárá.
"Màmá, sìmẹ́ńtì ló fẹ́."
Ó lẹ sìmẹ́ńtì mọ́lẹ̀
bí ẹni lẹ pílásítà mọ́ egbò tó ti rà.
Ọjọ́ kẹta, egbò tú.

Èkejì gbẹ́lẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ọgbà,
ó hú efinrin mi dànù,
ó gbowó páìpù, ó ní Alékúwodò lòún ti fẹ́ rà á.
Alékúwodò! Owó mi ló lé wọ odò.
Mo pè é títí. Obìnrin inú fóònù ló ń dáhùn,
òyìnbó rẹ̀ ò sì lé òórùn.

Ìyàwó oníbúrẹ́dì ló wá sọ fún mi:
"Lámídì wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin.
Kì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń padà wá."

Ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere dé,
òun, irin gígùn kan, àti ọmọ iṣẹ́ tó ń jẹ gúgúrú.
Kò dárúkọ owó. Ìtàn ló ń béèrè:
ọdún wo lẹ kọ́lé? Ta ló ri páìpù yìí?
Ó dojú bolẹ̀, ó fi etí lé ilẹ̀
bí ẹni ń gbọ́ àyà ọmọ tuntun.
Ó dìde, ó nàka sí igi fúrúùtù.
"Ta ló gbin èyí?"

Ẹnu mi wúwo.
Bàbá Ìbídùn ni, lọ́dún tí a wọlé yìí.
Ó ti lọ láti ọdún mọ́kànlá.
Gbòǹgbò igi rẹ̀ ò lọ:
ó ń wá omi kiri nínú òkùnkùn,
ó rí páìpù amọ̀, ó wọlé,
ó há síbẹ̀ bí eegun ẹja lọ́nà ọ̀fun.

"Ṣé ká gé e ni?" Ohùn mi ò dá.
Lámídì nuwọ́ mọ́ ṣòkòtò.
"Igi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká yí ọ̀nà fún omi."

Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é.
Ó ní kí n da garawa márùn-ún,
ó dúró lẹ́nu sókàwéè, ó ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń dé,
kó tó nawọ́ gbowó.

Òjò ńlá rọ̀ lọ́sẹ̀ kejì.
Ní ìyálẹ̀ta mo rí i lẹ́nu géètì,
kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń ro omi. N ò pè é.
Ó fa afẹ́fẹ́ símú, ó ní, "Ó dáa,"
ó sì yí kẹ̀kẹ́ padà.

Ará òdìkejì ń tọrọ nọ́ńbà rẹ̀ báyìí.
Mo fún un. Mo ní bí kò bá gbé e,
kó ṣe sùúrù:
etí rẹ̀ lè wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé ẹlòmíràn,
tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n gbìn.