Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá Inú Ìrọ̀rí

Èmi ni mo mú àlùmọ́gàjí.
Kí ẹ tó bi mí, mo ti jẹ́wọ́.
Yàrá kẹta sí ilé ìyàgbẹ́,
ilé iṣẹ́ fíìmù Tibilísì, ọdún 1969:
Otia Kobalia jókòó sẹ́yìn mi, ó ń jẹ èékánná.

Samtredia ni wọ́n bí i sí, ọmọ asọ́nà rélùwéè.
Lọ́mọdé, a máa ka fèrèsé ọkọ̀ ojú irin lálẹ́,
iná, òkùnkùn, iná, òkùnkùn:
ó ní ibẹ̀ lòun ti kọ́ sinimá,
Mọ́síkò kàn fún òun níwèé ẹ̀rí ni.

Fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́: ọkùnrin kan ń gbẹ́ kànga.
Ó gbẹ́, gbẹ́, gbẹ́, kò kan omi.
Abúlé ń sọ búrẹ́dì kalẹ̀ fún un pẹ̀lú okùn
títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi funfun nínú ihò.
Àwọn ọ̀gá wò ó. Ọ̀kan wúkọ́.
Ọ̀kan ní, “Ta ni kànga yìí ń pòwe mọ́?”
Otia ní, “Kànga ni. Kì í ṣe òwe.”
“Ẹ jẹ́ kó kan omi nígbà náà.”
Otia ní ilẹ̀ ibẹ̀ kò lómi.

Wọ́n ní kí n gé ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo gé e.
Wọ́n tún kó ìyókù sórí àjà.
Àjà kì í gbó bí ajá;
ohun tó bá gbé mì, ẹnu rẹ̀ á pa dé.

Lẹ́yìn náà, Otia ya fíìmù bí a ṣe ń fọ eyín.
Ó ya ti ewé tíì, ó ya ti àrùn ẹsẹ̀ màlúù.
Ó ya ti bí ọmọdé ṣe ń sọdá títì:
baba arúgbó kan dúró létí ọ̀nà nínú rẹ̀
tí kò sọdá títí fíìmù fi tán.
Kò sí ọ̀gá tó rí i. Èmi rí i, mo sunkún.
Ti eyín gba àmì ẹ̀yẹ. Irin pẹlẹbẹ ni;
ó fi há ilẹ̀kùn ilé adìyẹ.

Nígbà tí ìjọba ńlá náà fọ́ bí àwo,
wọ́n ṣí àjà.
Òtútù ọdún 1992, àwa mẹ́sàn-án nínú sinimá,
ẹ̀wù òtútù lọ́rùn gbogbo wa.
Mo ti tú ìrọ̀rí mi, ọdún mẹ́tàlélógún tí mo fi sùn lé e,
mo ti lẹ ìṣẹ́jú mọ́kànlá náà padà sí àyè rẹ̀.
Ó ku díẹ̀ kó dé ibẹ̀. Iná lọ.

Kò sẹ́ni tó dìde.
Otia ló dìde. Ohùn rẹ̀ rìn lọ síwájú nínú òkùnkùn:
“Ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀ báyìí. Ó gbétí sí ògiri.
Adìyẹ kan ń wò ó látòkè.”
Ó sọ ọ́, àwòrán kan tẹ̀ lé òmíràn, kò fo ọ̀kan.
Ọmọkùnrin kan béèrè pé ṣé ó kan omi.
“Dúró ná,” Otia ní, “a ṣì ń gbẹ́.”

Oṣù kẹta ló kú.
Ìrọ̀rí mi ti rọ̀ jù.
Oorun kì í kùn mí mọ́.