Ahọ́n Oiva

Ní Kainuu, oòrùn oṣù keje kì í fẹ́ sùn.
Agogo mẹ́wàá alẹ́, Tyyne ṣì tẹ̀ ba nínú igbó,
ó ń fi òòyà igi ya mústíkà sínú korobá.
Oiva, ọmọ ọmọ rẹ̀, dúró gbọnin:
“Mi ò jẹ ẹyọ kan.”
“Yọ ahọ́n.”
Ahọ́n dúdú bí ẹni lá aró.

Kò nà án. Ẹ̀rín ló rín.
“Agboòrùn èso ni àwọ̀ yẹn.
Ohun tí kò rí òru forí pamọ́ sí
ló da ẹ̀wù dúdú bora kí ìmọ́lẹ̀ má baà jó o.
Bí a bá jẹ ẹ́, a jẹ ẹ̀wù náà mọ́ ọn.
Àwa náà ń jó lábẹ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀.”

Ojú lọba ara;
ọba tirẹ̀ ti ń wo òkè àjà.
Etí Oiva hàn sí i, imú rẹ̀ kò hàn,
kùrukùru jókòó sí àárín gbogbo nǹkan.
Dókítà Kajaani ní kó máa jẹ ewé kéèlì,
kò sì purọ́ fún un:
“Ewé kò ní dá èyí tó lọ padà.
Bóyá yóò bá ọ di èyí tó kù mú.”

Nítorí náà kéèlì láàárọ̀,
kárọ́ọ̀tì pupa rúsúrúsú lálẹ́, pẹ̀lú bọ́tà,
torí ahun ni kárọ́ọ̀tì,
kò ní tú àpò láìrí ọ̀rá.

Ahọ́n tó ní kí ọmọ yọ ńkọ́?
Kò rí i.
Òórùn mústíkà ló gbọ́.