Ìpè Láti Màrádì

Aago márùn-ún ààbọ̀, ọyẹ́ ti la ètè mi sí méjì.
Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́
gbá ẹnu asẹ́ ẹ̀rọ tí ń wọn afẹ́fẹ́ ní Jíbíyà.
Orí òrùlé ilé-ìwòsàn la gbé e sí,
nítorí pé nígbà tó wà nísàlẹ̀
àwọn ewúrẹ́ Màlámù Tasíù jẹ wáyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Fóònù gbọ̀n nínú àpò mi.
Rakíyà ni, láti Màrádì,
ẹni tí mo ti ń bá sọ̀rọ̀ lọ́dún mẹ́ta
tí n kò tíì fojú kàn.
Faransé ni ìwé tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni tèmi,
Hausa la fi ń pàdé lójú ọ̀nà:
tèmi a máa tiro, tirẹ̀ a máa dúró dè é.

"Ó ti gbéra," ló wí.
Kò dárúkọ ẹni tó gbéra. Mo mọ̀.
Aṣálẹ̀ Ṣáàdì ló ti dìde níjẹta,
ó wọ ilé wọn lóru, kò kan ilẹ̀kùn, kò bọ́ bàtà,
ó jókòó sínú ìkòkò omi,
ó jókòó sí ìpéǹpéjú ọmọ tó sùn.
Ó ka iye rẹ̀ fún mi: ẹgbẹ̀ta ó lé ogún.
Mo fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́.

Ní ẹnubodè, igi ṣì dábùú ọ̀nà.
Aṣọ́bodè ń tú àpò ìrẹsì wò,
ó ń bi arúgbó kan léèrè ohun tó gbé sábẹ́ ìborùn.
Tó bá fi máa di aago mẹ́jọ, àlejò wa yóò ti gba orí fìlà rẹ̀ kọjá
lọ sí Kàtsínà, lọ sí Kánò,
láìsan kọ́bọ̀.
Aṣọ́bodè yóò sín.
Arúgbó náà yóò ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bínú sí wọn.
Mo máa ń ní, ẹ kó iyanrìn yín dání, ẹ jọ̀ọ́.
Àfìgbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún kan,
tí atẹ́gùn yí padà, tó ń ti gúúsù bọ̀.
Rakíyà pè, ohùn rẹ̀ ti há:
"Kí lẹ ń sun lọ́hùn-ún?"
Mo jáde, mo wòta.
Oko la ń sun de òjò,
táyà la ń sun lẹ́yìn ọjà, kí wáyà inú rẹ̀ lè di owó.
Èéfín wa ti sọdá, ó ti tẹ́ní sílé onílé.
Ẹnu mi wọhò.
Wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú,
hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn.
Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré;
n kò mọ̀ pé èmi gan-an ni ará ilé náà.

Láti ìgbà yẹn ló ti ń fi eruku rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi
ní wákàtí méjì ṣáájú,
tí èmi náà ń sọ fún un
kí àwọn àgbẹ̀ wa tó ṣáná.
Àwọn ọ̀gá wa ti ṣèpàdé ní Àbújá,
wọ́n mu tíì, wọ́n ya fọ́tò,
wọ́n ní ó di Níàmé.
Owó àpò wa la fi ń ra káàdì ìpè.

Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà,
mo kan fèrèsé ìyá Bíṣírù,
ọmọ tí ikọ́ fée ń dà láàmú.
"Kó má lọ sílé-ìwé lónìí.
Rẹ aṣọ sómi, kó o ta á sójú fèrèsé."
Ó yọjú, ó wòkè, ìràwọ̀ ń tàn yòò.
"Ojú ọ̀run tó mọ́ báyìí? Ta ló sọ fún ọ?"
"Obìnrin kan ní Màrádì ni.
Ọmọ tirẹ̀ náà ń wúkọ́."

Kò tún bi mí ní nǹkan kan.
Mo gbọ́ tí omi ń dà sínú ọpọ́n.