Ìgèrè Lábẹ́ Apá Bàálù

Lánàá, ìlà kan péré ni mo rí fà.
Ó yẹ kó jẹ́ ẹ̀yìn bàálù ogun,
ó wá dà bí ipa ekòló nínú ẹrẹ̀.
Mùínátù wò ó, kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ má tẹ pẹ́ńsù bẹ́ẹ̀,
kì í ṣe ìṣó."

Òtítọ́ ni. Kì í ṣe ìṣó.
Ọdún méjìlélógójì ni mo fi kan ọkọ̀ létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́,
mi ò lo rúlà rí.
Ojú ni mo fi ń wọn pákó,
omi ò sì gba ìdí ọkọ̀ mi kankan wọlé,
àfìgbà tí rọpárọsẹ̀ yà sílé mi lọ́jọ́ Àlàmísì kan,
ó mú apá ọ̀tún, ó fi tòsì sílẹ̀,
bí ẹni pé ó mọ èyí tí mo fi ń jẹun.

Nọ́ọ̀sì ní Jẹ́nẹ́rà ní kí n máa fún bọ́ọ̀lù kékeré kan.
Bọ́ọ̀lù! Èmi!
Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló gbà mí lọ́wọ́ bọ́ọ̀lù.
Ó gbé ìwé àwòrán rẹ̀ lé mi nítan,
ó ṣí i síbi tó fẹ́ràn jù:
bàálù ogun, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, apá rẹ̀ fà sẹ́yìn
bí àṣá tó ti rí òròmọdìẹ.

Ó ní imú la ó kọ́kọ́ yà.
Mo ní rárá o, ìdí la ti ń kan ọkọ̀.
Ó ní bàálù kì í ṣe ọkọ̀.
Mo ní àwọn tó sọ ọ́ ní ọkọ̀ òfurufú,
ṣé wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń wí ni?
Ó ronú.
Ó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí.

A yà á, a pa á rẹ́, títí ìwé fi fẹ́ ya.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án, apá kan yọ.
Èkejì yọ, kò bá a dọ́gba.
"Èyí ò lè fò, Bàbá àgbà."
Èmi náà ò lè rìn dáadáa,
ṣebí mo ṣì ń dé mọ́sálásí.

Ó wá ku kíkùn.
Àwọ̀ eérú ni ìwé wí.
Ó ṣàlàyé fún mi: ikùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ sánmà
kí àwọn tó wà nílẹ̀ má baà rí i.
Mo dákẹ́ lórí ìyẹn, ó pẹ́.
Gbogbo ọkọ̀ tí mo kùn rí, kí wọ́n lè rí i ni mo ṣe kùn ún,
pupa létí, funfun láàárín,
kí ìyàwó apẹja tó dúró sí èbúté
lè dá ti ọkọ rẹ̀ mọ̀ nínú kùrukùru.
Ta ló ń kun nǹkan kí wọ́n má baà rí i?
"Àwọn ológun," ni Mùínátù wí,
bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀.

Ó na kíréyọ́ọ̀nù eérú sí mi.
Ọwọ́ mi gbọ̀n, ó mú pupa.
Kò sẹ́ni tó lè búra pé mo mọ̀ọ́mọ̀.

Lábẹ́ apá, nǹkan gígùn mẹ́rin rọ̀.
"Bọ́ǹbù ni. Bàálù ogun kì í lọ lọ́wọ́ òfo."
Mo wò wọ́n: ikùn ńlá, ìrù tóóró.
Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀.
Mo fa ìlà wẹ́wẹ́ sí wọn lára bí ọparun tí a hun,
mo fi ihò sílẹ̀ lẹ́nu kí ẹja lè wọlé.
Ìgbà yìí ló tó bú sẹ́rìn-ín,
ó ní tíṣà máa fún mi ní òdo.

Ọkọ̀ ò sì gbọdọ̀ jáde láìlórúkọ.
Ọwọ́ òsì fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, mo lé e.
Mo kọ M.
Ó gbà mí tó ìdajì wákàtí.
Ilẹ̀ ti ṣú, ẹ̀fọn ti ń kọrin létí wa.
Lọ́la, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó kan Ù,
a ó sì fi àmì lé e lórí.