Opó àti Òpó

Ní aago méjìlá òru, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá,
ọ̀gá wa Doreen Kowalchuk ní kí n wá tẹ bọ́tìnnì náà.
"Ìwọ lo pẹ́ jù nídìí rẹ̀," ó wí,
bí ẹni tó ń fi mí jẹ oyè.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jókòó nínú yàrá yìí
ní Yorkton, tí tẹlifíṣọ̀n mẹ́tàlá ń wò mí lójú,
tí mò ń tú ìròyìn sílẹ̀ ní aago mẹ́fà gééré.
Aago mẹ́fà nígbà náà, aago mẹ́fà ni.
Ẹni tó bá pẹ́ dé láti oko, tirẹ̀ ti kọjá.

Nísinsìnyí ìròyìn ò ní aago mọ́.
Ó di ìkòkò tí a gbé kaná tí a ò sọ̀ kalẹ̀,
ẹni tí ebi bá pa á wá bu tirẹ̀,
níbi ìdúró bọ́ọ̀sì, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀,
pẹ̀lú etí kan.

Wọ́n rán Tristan wá láti Toronto,
ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù,
kó wá kọ́ wa bí a ṣe ń gé ìròyìn.
Ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Ojú èèyàn lákọ̀ọ́kọ́.
Kí èyí tó dùn jù ṣíwájú, kí òótọ́ tẹ̀lé e bó bá ráyè.
N ò bínú sí i. Wọ́n ti gé èmi náà rí:
Fọlárànmí ni bàbá mi sọ mí,
ọjọ́ kejì tí mo dé ibí ló ku Fọ́lì.

Lyle Friesen, tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí,
ti gbé kámẹ́rà sí yàrá abẹ́ ilé rẹ̀,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ.
Ẹni ọgọ́ta ọdún, ó ń kí àwọn tí kò rí
ní orúkọ tí wọ́n fún ara wọn:
"Ẹ ǹlẹ́ o, Adìẹ Tútù Mẹ́tàdínlógún."
Èèyàn tó wò ó lọ́sẹ̀ yìí pọ̀ ju ti ọdún tó kọjá lódindi.
Ó sọ fún mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì wolẹ̀.

Vera Halvorsen wá ńkọ́?
Opó tó fẹ̀yìn ti òpó wa,
oko rẹ̀ wà ní àádọ́rin kìlómítà sí ibí,
níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń yọ bí oṣù, tó ń wọ̀ bí oṣù.
Àǹtẹ́nà tí ọkọ rẹ̀ fi wáyà dè mọ́ òrùlé ló ń lò.
Bí àwòrán bá gbọ̀n díẹ̀, á pè mí:
"Ṣé èmi ni àbí ẹ̀yin ni?"
Mo máa ń sọ pé àwa ni, kódà bí kì í bá ṣe àwa.
A kọ létà sí i pé kó ra ẹ̀rọ tuntun.
Ó fèsì sẹ́yìn létà náà: Ta ni yóò bá mi so ó?

Mo tẹ bọ́tìnnì.
Mo rò pé ariwo yóò wà.
Gíláàsì kan ṣú, àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ wọn lọ.
Lóde, iná pupa orí òpó ṣì ń ṣẹ́jú
nítorí ọkọ̀ òfurufú, kì í ṣe nítorí wa.

Kí n tó wọ kóòtù, ìyá mi pè láti Ìlá.
Ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ wọn.
Ó ní òun ń wo bàbá kan tó ń fọwọ́ júwe yìnyín lórí fóònù,
ìlú rẹ ni wọ́n kọ síbẹ̀, ṣé o wọ ìbọ̀sẹ̀?
Òyìnbó ọ̀hún dáa, ó ní, àmọ́ ta ló ń fọṣọ lẹ́yìn rẹ̀?
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ohùn wa dé Ìlá.
Kò dé oko Halvorsen.

Fóònù orí tábìlì dún. Doreen wò mí.
Mo mọ nọ́ńbà náà bí ẹni mowó.
"Ṣé èmi ni," ó ní, "àbí ẹ̀yin ni?"
"Àwa ni, Màmá."
Lọ́tẹ̀ yìí, n ò purọ́.

Ní Sátidé, mo gbé àkàbà sẹ́yìn ọkọ̀.
Bóyá yóò mú, bóyá kò ní í mú.